Ìdá Kan Nínú Márùn-ún: Lórí Ẹ̀ṣẹ̀ Ìkọ̀kọ̀ àti Ìrònúpìwàdà Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí A Ṣẹ̀

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá débi pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò náà ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni tó dá a nìkan mọ̀ tàbí tí òun àti ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ jọ mọ̀, kò kan ẹnikẹ́ni ju ẹlẹ́ṣẹ̀ náà àti Ọlọ́run rẹ̀ lọ. Pé bó bá ti wọ iyàrá, tó gbààwẹ̀, tó sunkún, tó sì tọrọ ìdáríjì ní orúkọ Jésù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ohun tó kù fún ìjọ, lójú àwọn tó gba èrò yìí, ni kí ó bo àṣírí ọmọ Ọlọ́run kí ayé má baà rí ohun bú Kristi sí. Àwọn tó di èrò náà mú kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tí wọ́n gbà pé àánú ni àwọn ń ṣe. Síbẹ̀ èrò náà kò tọ́. Kò bá Ìwé Mímọ́ mu, kò bá ìṣe ìjọ àtijọ́ mu, ẹni tó sì ń fi ara gbá jàǹbá rẹ̀ jù ni ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ dára láti fi wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọjà àti ìjọ ti jọ ń rìn níbẹ̀ tipẹ́. Ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, fìdí iṣẹ́ kalẹ̀ ní ìlú náà. Ní 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó nìkan ló gbé ìgbàgbọ́ náà kiri. Àwọn oníṣòwò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé e dé àwọn ìlú Òkè Ọya, tí wọ́n sì gbé e dé Góòlù Kóòsì tó di Gánà lónìí, tí wọ́n ń dá ìjọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti pàtẹ, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní ìparí ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ẹni tó wọn ọjà fún oníbàárà lọ́jọ́ Sátidé lè jẹ́ ẹni tí yóò gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kóńgò oníṣòwò wà lára ìwàásù rẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀.

Ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ó ti rí ní gbogbo ọjà tí wọ́n ti ń wọn gààrí, láfún, ẹ̀wà àti àgbàdo tà, kóńgò yìí, èyí tí í ṣe abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà gbígbẹ, lè fi irú ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ jẹ́ hàn ju ìwàásù mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi rẹ́ni jẹ kò ní pariwo. Yóò dojú kóńgò dé nílé, yóò fi òkúta lu ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọnú, yóò sì gbé e lọ sọ́jà. Lójú oníbàárà, kóńgò kún dẹ́nu, ó tilẹ̀ ga lórí. Kò sí ẹni tí í bẹ ìdí rẹ̀ wò kí wọ́n tó da ọjà sínú àpò. Lẹ́yìn náà ni olùtajà yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e ní èènì, oníbàárà yóò dúpẹ́, yóò sì ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run bù sí i. Ara ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀ ni èènì yẹn. Kì í ṣe gbogbo ará ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, olótìítọ́ pọ̀ lórí àtẹ, àwọn ni ìwà yìí sì ń pa lára ṣìkejì oníbàárà, nítorí pé ẹni tí ìdí kóńgò rẹ̀ tẹ́jú kò lè tà ní iye tí ẹni tó lu tirẹ̀ ń tà. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé irú olùtajà bẹ́ẹ̀ lọ sí ìsọjí lóru ọjọ́ Ẹtì kan, tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gún un lọ́kàn, tó jáde síwájú nígbà tí pásítọ̀ pe àwọn tó fẹ́ ronú pìwà dà, tó sunkún títí ojú fi wú, tó sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí èrò tí gbogbo ènìyàn tẹ́wọ́ gbà, ó ti parí. Bó bá ní ọpẹ́, kó mú un wá síwájú pẹpẹ. Bó bá ní ìdá mẹ́wàá, kó san án. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé nínú kí ni wọ́n ti yọ ìdá mẹ́wàá náà. Kò sì sí ẹni tí yóò rántí ìyá olónjẹ tó ń ra láfún lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó ń ṣe kàyéfì ìdí tí ọjà kì í fi í tó iye ènìyàn tó yẹ kó tó, tó sì ti rò ó títí tó fi gbà pé ọ̀tá inú ilé ló ń jẹ òun lérè.

Ohun tí Òfin Mósè sọ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣókùnkùn rárá. Nínú ìwé Léfítíkù orí 6 àti Númérì orí 5, ẹni tó bá tan ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ ní láti jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, kí ó dá ohun náà padà ní pípé, kí ó sì fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e lórí fún ẹni tó ṣẹ̀. Bí ẹni náà bá ti kú, ìbátan rẹ̀ ni yóò gbà á. Ìgbà tí kò bá sí ìbátan kankan ni yóò tó di ti Olúwa, tí àlùfáà yóò sì gbà á. Kí òǹkàwé kíyèsí bí wọ́n ṣe tò wọ́n: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ṣáájú, ẹbí rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ilé Ọlọ́run ló kẹ́yìn. Àwọn ìjọ òde òní ti yí i po. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi tí kò lè sọ ohun tí ìdá mẹ́wàá jẹ́, àwọn kan tilẹ̀ ní káàdì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n èyí tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀, tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, kò ní káàdì, kò ní àpòòwé, kò sì ní ìwàásù. Ó ṣòro kí ènìyàn má fura pé ìgbàgbé yìí rọrùn fún àwọn tí ìdá mẹ́wàá ń wọlé sí lọ́dọ̀.

Èsì tí wọ́n máa ń fọ̀ ni pé Òfin nìyẹn, pé oore-ọ̀fẹ́ ti dé, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ kò gba ni là. Ṣùgbọ́n Sákéù, olórí agbowó-òde Jẹ́ríkò, kò sí lábẹ́ àṣẹ àlùfáà kankan nígbà tó dìde dúró nínú ilé ara rẹ̀, lójú àwọn àlejò rẹ̀, tó ní òun yóò fi ìdajì ẹrù òun fún àwọn tálákà, òun yóò sì san ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹni tí òun bá fi èké gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni Jésù kéde pé ìgbàlà ti wọ ilé náà. Sákéù kò fi owó ra ìgbàlà, àmọ́ ìgbàlà tó wọlé tọ̀ ọ́ kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú àpò ẹlòmíràn. Martin Luther, tí kò sí ẹni tó gbógun ti ìgbàlà nípa iṣẹ́ tó o, fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú kókó 95 tó gbé jáde ní 1517 pé gbogbo ayé onígbàgbọ́ ni ó yẹ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà, kò sì pẹ́ tó fi kún un nínú ìwé kan náà pé ìrònúpìwàdà inú lásán, tí kò yọrí sí ohunkóhun lóde ara, kò jámọ́ nǹkan. Ẹni tó bá ń fi oore-ọ̀fẹ́ Luther gbèjà kóńgò títẹ̀ kò tíì ka Luther.

Èyí tí wọ́n tún gbójú lé jù ni Orin Dáfídì 51, níbi tí ọba náà ti sọ pé Ọlọ́run nìkan ni òun ṣẹ̀. Wọ́n ní bí Dáfídì, tó gba aya ẹlòmíràn tó sì pa ọkọ rẹ̀, bá lè sọ pé Ọlọ́run nìkan ni òun ṣẹ̀, kí ló kan ènìyàn nínú ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni? Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fo àkọlé orin náà. Àkọlé rẹ̀ sọ pé fún olórí akọrin ni, ìyẹn ni pé orin tí gbogbo ìjọ Ísírẹ́lì yóò máa kọ ni. Ó sì sọ ìgbà tí ọba kọ ọ́, lẹ́yìn tí wòlíì Nátánì ti wá bá a, àti ìdí rẹ̀, tòun ti orúkọ Bátíṣébà. Ọba tó fi ìkọ̀kọ̀ pa Ùríà lójú ogun, tó fi lẹ́tà rán an lọ sí ikú ara rẹ̀, ni ó fi ẹ̀ṣẹ̀ náà lé akọrin lọ́wọ́. Ẹni tí ì bá dá nǹkan padà fún ti wà nínú ilẹ̀. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fi Dáfídì ṣe àwòkọ́ṣe, kó kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ sí àkọlé ìrònúpìwàdà rẹ̀ ná.

Wọ́n á tún sọ pé àpọ́sítélì Pétérù kọ́ni pé ìfẹ́ a máa bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, pé Ṣémù àti Jáfẹ́tì fi ẹ̀yìn rìn lọ bo ìhòòhò bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ Pétérù wá láti inú ìwé Òwe, ìwé Òwe kan náà ló sì sọ ní orí 28 pé ẹni tó bo ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì yóò ṣe rere. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta kora. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti fi ìfẹ́ bo ẹ̀ṣẹ̀, nípa dídárí rẹ̀ jì. Ẹni tó ṣẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn díákónì tí wọn kò rẹ́ jẹ kò lè dárí ohun tí kì í ṣe tiwọn jì. Ní ti Nóà, ọtí ló pa á, ara rẹ̀ nìkan ló sì tú sílẹ̀. Kò gba ilẹ̀ opó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìjọ ló wá kù. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìpàdé ìjọ, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń jọ pinnu ọ̀rọ̀, wọ́n sì ní ìbáwí, èyí tó lè gba oyè lọ́wọ́ ènìyàn tàbí kó dá a dúró nínú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ohun rere ni ìbáwí jẹ́ bí wọ́n bá ṣe é bó ti tọ́. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó sábà máa ń bá pàdé ní ọ̀pọ̀ ìjọ, Onítẹ̀bọmi tàbí òmíràn, ni ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣeé fi pamọ́: ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin tí oyún yọ lára rẹ̀ yóò bọ́ aṣọ akọrin, yóò jókòó sẹ́yìn, ọkùnrin tó fún un lóyún, bí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀, yóò ṣì máa gba ọrẹ. Ẹni tó kó owó ilé ìjọsìn jẹ yóò gba àdúrà àti ìfẹ̀yìntì oníyì. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ìtàn Ákánì nínú ìwé Jóṣúà orí 7 yẹ kó dẹ́rù ba irú ìjọ bẹ́ẹ̀: aṣọ Bábílónì kan, igba ṣékélì fàdákà àti wúrà olóṣùwọ̀n àádọ́ta ṣékélì ló rì mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, ọkùnrin bíi mẹ́rìndínlógójì tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ló sì kú lójú ogun Áì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ tó máa ń jẹ́ ti ẹnì kan.

Òdodo ibẹ̀ ni pé àwùjọ fúnra rẹ̀ ń dá kún ìfarapamọ́ yìí. Yorùbá ní ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Bí ìjọ bá gba òwe yìí gbọ́ ju ìhìnrere lọ, tí ẹni tó jẹ́wọ́ lónìí bá di orin lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ obìnrin lọ́la, kí ni yóò mú ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́? Ìjọ tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ òtítọ́ ní láti kọ́kọ́ kọ òwe yẹn sílẹ̀.

Àwọn mìíràn ti wá ọ̀nà àbáyọ gbà lọ́dọ̀ ọ̀tá. Lójú wọn, kì í ṣe olè ló jalè, ẹ̀mí àjogúnbá ìdílé ló ń jà á. Kì í ṣe alágbèrè ló ṣe àgbèrè, àwọn ayé ló rán an sí i. Wọn á gun orí òkè lọ, wọn á fi àdúrà na ọ̀tá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò sí nínú àdúrà náà.

Ẹ̀rù kan wà tí kò yẹ kí a fojú kéré: ẹ̀rù pé ìjẹ́wọ́ lè di ohun ìjà. Ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa. Láàrin ọdún 1950 sí 1951, àwọn Alátíńgà, tí ẹgbẹ́ wọn wá láti apá Góòlù Kóòsì gba Dàhọ̀mì kọjá, wọ àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n fipá mú àwọn ìyá arúgbó jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn, títí ìjọba fi fòfin dè wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ìrònúpìwàdà, ìfìyàjẹni ni. Ẹnu tí wọ́n fi ẹgba ṣí kì í sọ òtítọ́. Bákan náà, nínú ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Gahini, ní Rwanda, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tó sì tàn dé Uganda àti káàkiri Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ènìyàn dá ohun tí wọ́n jí padà, wọ́n san gbèsè tí wọ́n ti sẹ́, èyí tó ya àwọn tí kò gbàgbọ́ pàápàá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn kan níbẹ̀ sọ ìjẹ́wọ́ di ìṣẹ̀lẹ̀ ojú agbo, tí wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ iyàrá sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé. Ìlànà tó yẹ kó wà kò le: kí ìjẹ́wọ́ gbòòrò dé ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ gbòòrò dé, kó má sì kọjá ibẹ̀. Ohun tí ọkọ ṣe sí aya, aya ni kí ó gbọ́ ọ, kì í ṣe gbogbo ìjọ. Ohun tí akápò ṣe sí owó ìjọ, ìjọ ni kó gbọ́ ọ. Èrò búburú tó wọ ọkàn, tó sì kú síbẹ̀, Ọlọ́run nìkan tó fún un, bí kò ṣe pé ẹni náà bá fẹ́ kí arákùnrin olóòótọ́ kan bá òun gbàdúrà, bí Jákọ́bù ti wí ní orí 5. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ọmọdé ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ìjọ pátápátá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ọ́ di ọ̀ràn, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni ó kàn, pásítọ̀ tó bá sì gbé e bò ti bá a dá a.

Kì í ṣe ohun tuntun ni à ń wí. Dídákè, ìwé ìlànà ìjọ tó ti wà láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì, ní kí àwọn onígbàgbọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn kí wọ́n tó bu àkàrà, kí ẹni tó ní aáwọ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ má sì dara pọ̀ títí wọn yóò fi parí rẹ̀. Àwọn Áńgílíkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn oníwàásù ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew ní ìlú Ọ̀yọ́ ní 1896, ní nínú Ìwé Àdúrà ti 1662 tí wọ́n jogún ìkìlọ̀ kan tó yẹ kí àlùfáà kà ṣáájú Ìdàpọ̀ Mímọ́, tó pàṣẹ fún ẹni tó bá ṣe ẹlòmíràn níbi pé kó múra tán láti dá a padà dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìkìlọ̀ náà gùn, wọ́n sì sábà máa ń fò ó.

Ìsọjí tí ilẹ̀ Yorùbá ń rántí jù ni ti Òkè-Ooye ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá wàásù, tí àwọn ènìyàn sì kó oògùn àti ère wọn jáde, tí wọ́n dáná sun wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Éfésù ti ṣe nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19. Ìyìn yẹ wọ́n. Láti ìgbà náà wá, oògùn ni ìsọjí lẹ́yìn ìsọjí ń béèrè. Ó ti tó àkókò tí àwọn oníwàásù yóò béèrè kóńgò, ìwé àkọsílẹ̀ owó, ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ èké sí, àti èsì ìdánwò tí wọ́n fi owó rà.

Nítorí náà, kí àwọn díákónì àti àwọn àlùfáà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ àti níbi gbogbo, ka Númérì orí 5 sí etígbọ̀ọ́ ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kí wọ́n sì yan àgbà méjì tí kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, tí ẹni tó fẹ́ dá nǹkan padà lè bá lọ síbi tí òun nìkan kò láyà láti lọ. Kí olùtajà tó ti lu kóńgò rẹ̀ tún un lù kí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, kó wá àwọn oníbàárà tó mọ̀ lọ, kó sọ fún wọn, kó sì san án pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Èyí tí kò bá mọ ẹni tó ni ín mọ́, kó fún àwọn tálákà. Ìgbà tó bá ti ṣe èyí tán ni kó tó mú ọpẹ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ.